Ìwé ẹjọ́ àti àgọ́: bí ọgbà Gezi ṣe bọ́ lọ́wọ́ katapílà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 2025, tí wọ́n ti mú Ekrem İmamoğlu, tó jẹ́ olórí ìlú Istanbul nígbà náà, tí èrò sì tún ya sí ìgboro ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ni orúkọ ọgbà Gezi ti padà sẹ́nu àwọn oníròyìn. Gbólóhùn kan náà ni a sì ń kà káàkiri: pé ní ọdún 2013 àwọn ọ̀dọ́ kan bínú nítorí igi díẹ̀, ìjọba fi tajútajú lé wọn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kò parí síbẹ̀. Àwọn igi ọ̀hún ṣì wà ní ìdúró, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí wọn ni kò sí. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn kò ní mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kò sì ní mọ ìdí tí àwọn kan fi gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn tí ọgbà ti bọ́. Ìdí tí a fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Gezi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Taksim, ní àárín gbùngbùn Istanbul. Kò tóbi rárá, kò tó hẹ́kítà mẹ́rin. Bárékè àwọn ọmọ ogun oníbọn àgbá ló wà níbẹ̀ láti ọdún 1806. Wọ́n wó o ní 1940, Henri Prost, ará Faransé tí ìjọba gbà pé kó wá ṣètò ìlú, sì ya ibẹ̀ sí ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1943. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí ètò tuntun fún Taksim: kí ọkọ̀ máa gba abẹ́ ilẹ̀, kí òkè wà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì tún bárékè àtijọ́ yẹn kọ́ padà sórí ọgbà. Kì í ṣe ọmọ ogun ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Erdoğan, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé ó lè di ilé ìtajà ńlá, ó lè di òtẹ́ẹ̀lì.

Ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ ilé, ọgbà yẹn wà lára ilẹ̀ gbalasa díẹ̀ tó kù níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ètò ìlú sì rán gbogbo èèyàn létí pé Istanbul wà nítòsí ibi tí ilẹ̀ ti máa ń sán. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti oṣù kẹjọ ọdún 1999 pa èèyàn tó lé ní 17,000 ní apá ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tún mì, ibo ni àwọn ará Taksim yóò sá sí tí ògiri kò ní wó lù wọ́n? Ìbéèrè yìí wà nínú àríyànjiyàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi jẹ́ apá kan rẹ̀, ààbò ẹ̀mí jẹ́ òmíràn.

Iṣẹ́ tó gba ọgbà náà là bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó pàgọ́. Ní Tọ́kì, bí ìjọba ìlú bá yí ètò ilẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ lẹ ètò náà síta fún oṣù kan, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé takò ó. Lẹ́yìn èyí, ọgọ́ta ọjọ́ péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ yẹn kì í dúró de ẹni tó ń sùn. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ìlú àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣètò ọgbà kò jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Òfin ló dá àwọn ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, òfin kan náà ló sì fún wọn lẹ́nu láti pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ire ará ìlú. Ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ọgbà Gezi pe ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2012, àwọn wọ̀nyí àti àwọn mìíràn para pọ̀ di Taksim Dayanışması, àjọ tí ó di ẹnu wọn nígbà tó yá.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn ohun àtijọ́ ní Istanbul sọ pé òun kò fọwọ́ sí àtúnkọ́ bárékè náà. Kò pẹ́ rárá tí ìgbìmọ̀ tó ga jù ú lọ ní Ankara fi wọ́gi lé ìpinnu yẹn. Ìpinnu Ankara yìí ni ẹgbẹ́ kékeré náà gbé lọ sí kóòtù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ so kọ́. Kí kóòtù Tọ́kì tó dá iṣẹ́ ìjọba dúró kí ìdájọ́ tó jáde, ohun méjì gbọ́dọ̀ pé: kó hàn gbangba pé iṣẹ́ náà ta ko òfin, kó sì dájú pé bí wọ́n bá ṣe é, ìpalára rẹ̀ kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Igi tó ti dàgbà tó ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún, bí wọ́n bá hú u lóru, kò sí adájọ́ tó lè dá a padà. Bí igi bá sì ti lọ tán, kí ni kóòtù yóò dáàbò bò? Ẹjọ́ yóò di òfìfo, agbẹjọ́rò ìjọba yóò dìde, yóò ní ohun tí ẹ ń bá wa ṣẹjọ́ lé lórí kò sí mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sídìí igi ń ṣọ́ ohun tí ẹjọ́ dúró lé lórí kí adájọ́ lè débẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2013, katapílà wó ògiri ọgbà ní apá òpópónà Asker Ocağı, ó sì hú igi mélòó kan. Àwọn aláṣẹ ní títì ni àwọn ń mú fẹ̀, pé kò kan ọ̀rọ̀ bárékè. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀ kò ju bí àádọ́ta lọ. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò ju ìwé àṣẹ lọ: ẹ fi ìwé tó ní kí ẹ hú igi hàn wá. Wọn kò rí i fi hàn. Ní ọjọ́ kejì, Sırrı Süreyya Önder, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lọ dúró síwájú katapílà, ó béèrè ìwé kan náà, iṣẹ́ sì dúró. Ní ọjọ́ 29, níbi tí wọ́n ti ń fi ìpìlẹ̀ afárá kẹta tó máa gba orí omi Bosphorus lélẹ̀, Erdoğan ní ohun yòówù kí wọ́n ṣe, àwọn ti pinnu lórí Gezi. Ní ìdájí ọjọ́ 30, àwọn ọlọ́pàá wọlé, wọ́n ta tajútajú, wọ́n sì dáná sun àgọ́. Ní ìdájí ọjọ́ 31, wọ́n tún padà wá. Ní ọjọ́ 31 yẹn kan náà ni kóòtù kẹfà Istanbul pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bárékè dúró.

Ẹ ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àádọ́ta èèyàn wọ̀nyẹn bá ti lọ sùn sílé ní ọjọ́ 27, àṣẹ ọjọ́ 31 ìbá bá ilẹ̀ pupa ni. Bí kò bá sì sí ẹjọ́ ní kóòtù, àwọn tó pàgọ́ ìbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ìbá lọ, katapílà ìbá sì padà.

Àwọn ọlọ́pàá ló sọ ọ̀rọ̀ ọgbà kan di ti gbogbo Tọ́kì. Àwọn èèyàn rí àwòrán àgọ́ tó ń jó lórí fóònù wọn. Ní òru ọjọ́ 31 mọ́ ọjọ́ 1, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fẹsẹ̀ rin orí afárá Bosphorus láti apá Éṣíà wá sí Taksim. Ní àwọn alẹ́ yẹn, CNN Türk ń fi ètò nípa ẹyẹ penguin hàn, bẹ́ẹ̀ CNN tòkèèrè ń fi Taksim hàn. Èyí mú kí àwọn èèyàn kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n yíjú sí Twitter. Ilé iṣẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ èèyàn ló jáde, ní ìpínlẹ̀ 79 nínú 81 tó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Bí inú ṣe ń bí àwọn kan nítorí òfin ọtí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ló ń bí àwọn mìíràn nítorí orúkọ Sultan Selim tí wọ́n fẹ́ fi sọ afárá kẹta, orúkọ tó ń dun àwọn Alevi, ẹ̀ka ẹlẹ́sìn kan tí kò pọ̀ ní Tọ́kì, nítorí ìyà tí ọba yẹn fi jẹ àwọn baba wọn. Gezi ni gbogbo ìbínú wọ̀nyí pàdé sí.

A gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa tajútajú, nítorí àwọn ìwé ìròyìn máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé omijé lásán ló ń fà. Kì í ṣe atẹ́gùn gidi. Lúbúlúbú tó fẹ́lẹ́ ni, tí iná inú agolo ń tú jáde bí èéfín. Ó ń lẹ̀ mọ́ òógùn, mọ́ aṣọ tútù, mọ́ ìpara olóròóró. Nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ nu ojú ń fi kún un ni, ẹni tó bá sì fi aṣọ kan náà wọ ilé gbé e wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ní Istanbul, wọ́n ń po oògùn inú kíkan mọ́ omi, wọ́n ń fọ́n ọn sójú ara wọn. Ó ń tu àwọn kan lára, ṣùgbọ́n omi mímọ́ púpọ̀ ló dájú jù, kí èèyàn sì yọ dígí tó fi sínú ẹyinjú kí lúbúlúbú má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Gbangba ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbá a lọ. Nínú ilé tí kò sí ibi tí yóò gbà jáde, ó ń pọ̀ sí i títí àyà yóò fi dí, oníkọ́-fée sì lè bá a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, àwọn tó fara pa àti àwọn ọmọdé sá wọ òtẹ́ẹ̀lì Divan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tajútajú sì bá wọn wọ inú ilé.

Agolo rẹ̀ ló tún burú ju lúbúlúbú lọ. Ìbọn ni wọ́n fi ń ta á. Ó yẹ kí ẹnu ìbọn kọjú sókè, kí agolo fò lọ kó tó já bọ́. Bí wọ́n bá ta á tààrà sáàárín èrò, ọta ni. Ní oṣù keje ọdún 2013 kan náà, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Tọ́kì lẹ́bi lórí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tí agolo bà nímú ní Diyarbakır ní 2006. Kóòtù ní títa agolo tààrà sí èèyàn kò bá ìlànà mu, pé kí Tọ́kì ṣe òfin tó yè kooro lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Tọ́kì kà tó 8,000 èèyàn tó fara pa, mọ́kànlá nínú wọn sì pàdánù ojú kan. Agolo ló pa Abdullah Cömert ní Antakya. Agolo ló ba Berkin Elvan lórí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò jí títí ó fi kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2014. Ọta ìbọn ló pa Ethem Sarısülük ní Ankara. Lílù ni wọ́n lu Ali İsmail Korkmaz, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní Eskişehir, tó fi kú. Ọlọ́pàá kan pẹ̀lú kú ní Adana, ó jábọ́ láti orí afárá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ń lé àwọn afẹ̀hónúhàn. Òun náà lẹ́ni nílé.

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, kò sí ọlọ́pàá nínú ọgbà. Wọ́n ní ibi ìtọ́jú aláìsàn tí dókítà ń dúró tì láìgbowó, ibi oúnjẹ ọ̀fẹ́, ilé ìkàwé, kódà wọ́n gbin ẹ̀fọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Beşiktaş wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Fenerbahçe àti Galatasaray, àwọn tí kì í rí ara wọn sójú. Àwọn mùsùlùmí kí ìrun Jímọ̀ nínú ọgbà, àwọn tí kì í kírun sì dúró yí wọn ká láti ṣọ́ wọn. Ní òru Mírájì, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu ọtí nínú ọgbà. A mẹ́nu kan èyí nítorí ẹ̀sùn tí ìjọba gbé kiri pé àwọn tó sá wọ mọ́ṣáláṣí Dolmabahçe ń mu bíà níbẹ̀. Ibi ìtọ́jú àwọn tó fara pa ni wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí náà dà. Ládàánì ibẹ̀ ní òun kò rí ẹni tó mutí, wọ́n sì gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ní 2015, kóòtù dá dókítà méjì tó tọ́jú èèyàn níbẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n ba mọ́ṣáláṣí jẹ́.

Ohun márùn-ún ni Taksim Dayanışması gbé lọ bá Bülent Arınç, igbákejì olórí ìjọba, ní ọjọ́ 5, nígbà tí Erdoğan rìnrìn àjò lọ sí Áfíríkà apá àríwá: kí ọgbà wà bó ṣe wà, kí wọ́n yọ àwọn tó pàṣẹ ìwà ipá nípò, kí wọ́n dẹ́kun tajútajú, kí wọ́n tú àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀, kí wọ́n ṣí gbàgede fún ìpàdé. Arınç tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fìyà jẹ. Nígbà tí Erdoğan dé, ohùn yí padà. Ní òru ọjọ́ 13 mọ́ 14, ó gbà láti dúró de ìdájọ́ kóòtù, ó sì ní bí ìdájọ́ bá gbè é, òun yóò jẹ́ kí ará ìlú dìbò. Ọ̀pọ̀ oníròyìn òkèèrè kọ ọ́ bí ìrẹ̀lẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin bá ti kọ̀, ìbò kò lè sọ ọ́ di títọ́.

Ní òru ọjọ́ 14, àwọn tó wà nínú ọgbà jókòó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọ́n ń jíròrò bóyá kí wọ́n kó àgọ́ kúrò. Kò rọrùn láti mú ọ̀rọ̀ wá sójú kan láàárín èrò tí kò ní olórí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ọjọ́ kan tàbí méjì ṣòfò, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn wọn sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15, lẹ́yìn tí Erdoğan ti halẹ̀ níbi ìpàdé òṣèlú ní Sincan, ọlọ́pàá kó gbogbo ọgbà. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò dúró de kóòtù. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù keje, ìròyìn jáde pé kóòtù kìíní Istanbul ti fagi lé ètò Taksim látòkèdélẹ̀ lórí ẹjọ́ àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán-ilé àti onímọ̀ ètò ìlú. Ọjọ́ 6, oṣù kẹfà ló wà lórí ìdájọ́ náà. Ìyẹn ni pé ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó kó ọgbà.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba yíjú sí àwọn tó di bíírò mú. Wọ́n mú Osman Kavala, oníṣòwò tó ń ṣonígbọ̀wọ́ àṣà, ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ní òun ló náwó fún Gezi láti dojú ìjọba bolẹ̀. Lára ẹ̀rí tí wọ́n kó síwájú kóòtù ni máàpù kan tó wà nínú fóònù rẹ̀, tí wọ́n ní ó tún ààlà Tọ́kì yà. Máàpù tó ń fi ibi tí onírúurú oyin ń gbé hàn ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, kóòtù Yúróòpù ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, pé láti pa á lẹ́nu mọ́ ni wọ́n ṣe tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 2020, kóòtù Tọ́kì dá a láre. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán, wọ́n ti tún pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 2022, wọ́n dá a lẹ́wọ̀n gbére, wọ́n sì fún àwọn méje mìíràn ní ọdún méjìdínlógún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo iṣẹ́ àwọn kan nínú àwọn méje náà. Mücella Yapıcı: ayàwòrán-ilé. Tayfun Kahraman: onímọ̀ ètò ìlú. Can Atalay: agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé. Àwọn tó kọ ìwé takò ètò nìyẹn, tí wọ́n ka ọgọ́ta ọjọ́ wọn pé, tí wọ́n lọ sí kóòtù tí òfin ní kí wọ́n lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kóòtù tó ga fọwọ́ sí ìdájọ́ Kavala, Atalay, Kahraman àti ti obìnrin méjì, Çiğdem Mater àti Mine Özerden. Wọ́n da ti àwọn mẹ́ta tó kù nù, Yapıcı sì wà lára wọn. Àwọn ará Hatay dìbò yan Atalay sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Kóòtù tó ń rí sí òfin ilẹ̀ ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kóòtù tó ti fọwọ́ sí ìdájọ́ rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba ìjókòó rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Olóòtú wa, ohun méjì la ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá tún máa kọ̀wé lórí Gezi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹjọ́ náà sínú ìròyìn yín, kí ẹ má fi mọ sí ariwo àti èéfín. Èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń bá yín kọ ìròyìn òkèèrè máa ṣọ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ alátakò ti gba ìjọba ìlú Istanbul, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìní wákáfù, ìyẹn ohun ìní tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn tàbí iṣẹ́ àánú, gba ọgbà Gezi lọ́wọ́ ìlú, ó fi í sábẹ́ wákáfù kan tí wọ́n fi orúkọ Sultan Bayezid sọ. Wọ́n ní tirẹ̀ ni látayébáyé. Kò sí katapílà, kò sí àgọ́, ìwé ni wọ́n fi gbà á. Ìjọba ìlú ní òun kò gbà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ yẹn yóò lẹ́nu nínú ètò èyíkéyìí tí wọ́n bá tún gbé wá.